Wáyà Funfun Tí Bàbá Mi Gé

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí èmi àti ọmọ onílé wa fi gbé ẹ́ńjìnnì náà jáde láti ẹ̀yìn ilé ìdáná ní Ẹ̀gbẹ́dá. Yamaha 15 ni, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí ọkùnrin kan lè dá gbé sórí èjìká láti ilé dé etí omi. Kò ju nǹkan bíi kílò 36 lọ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi dúró síbẹ̀, lábẹ́ àpò ìrẹsì méjì, látìgbà tí bàbá mi ti fi omi sílẹ̀ tó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ìgbà tí a ká àpò náà kúrò lórí rẹ̀, òórùn pẹtirólù àtijọ́ àti òórùn ọ̀sà ló kọ́kọ́ kí wa. Mo dúró díẹ̀ kí n tó lè tún fọwọ́ kàn án. Bàbá mi ti dolóògbé.

Àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, ló jẹ́ kí n rántí ẹ́ńjìnnì yìí. Abúlé wa ló wà títí di òní, ní òdìkejì ọ̀sà tí a bá kọjá Ọ̀jọ́, ibẹ̀ ló ti ń dẹ àwọ̀n. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ́ńjìnnì bàbá ńkọ́? Àjẹ̀ ni mo fi ń wa ọkọ̀ báyìí o." Mo ní màá gbé e wá fún un. Mo mọ̀ pé àìsàn méjì wà lára rẹ̀. Bàbá mi sọ ọ́ fún mi nígbà tó gbé e dé: kì í mú síló, bẹ́ẹ̀ ni kì í kú tí èèyàn bá ní kó kú. Àwọn mẹkáníìkì ló ń pè é ní síló, ìyẹn kí ẹ́ńjìnnì máa rọra lù jẹ́jẹ́ láì sáré. Ti bàbá mi kì í rọra. Bí o bá dẹ ọwọ́ rẹ̀, á kú pátápátá. Bí ó bá sì ń sáré, tí o tẹ bọ́tìnnì tó yẹ kó pa á, bí ẹni tẹ òkúta ni.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbé e lọ sí Ọ̀jọ́ tààrà. Ìkòtún ni mo kọ́kọ́ forí lé.

Ẹni tó bá gbọ́ pé èèyàn ń gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi lọ tún ṣe ní Ìkòtún lè rò pé onítọ̀hún ti ṣìnà. Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe ibi tí a mọ̀ mọ́ ọ̀sà. Ilé ni a mọ̀ ọ́n mọ́, àti èèyàn. Nígbà ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ka 1,277,714 èèyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. Èyí ó wù kó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn tí èèyàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ l'Ékòó. Níbi tí èèyàn bá pọ̀ tó yìí tí iná mànàmáná kì í dúró, jẹnẹrétọ̀ ló máa ń pọ̀. Àti pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I pass my neighbour" yẹn, ìbátan ẹ́ńjìnnì bàbá mi ni. Àwọn méjèèjì ni a máa ń po òróró mọ́ pẹtirólù wọn. Àwọn méjèèjì ní kábúrétọ̀ tí ihò inú rẹ̀ ò tó ojú abẹ́rẹ́. Ọ̀nà kan náà ni a sì ń gbà pa àwọn méjèèjì. Mẹkáníìkì tó ti fi ogún ọdún tún irú jẹnẹrétọ̀ yẹn ṣe ní ẹ̀yìn ọjà Ìkòtún mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ.

Ọkọ̀ kóróòpe ni mo wọ̀. Awakọ̀ kọ́kọ́ kọ̀, ó ní pẹtirólù ń rùn lára ẹrù náà. Mo ní kò sí ẹ̀kán pẹtirólù kan nínú rẹ̀, òórùn lásán ni. Ó gbà níkẹyìn pé kí n san owó èèyàn méjì. Ẹ́ńjìnnì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìdímù, láti Ìdímù dé Ìkòtún, ìyá kan tó gbé agbọ̀n tòmátì dání sì ń fi igbá ìhà tì í ní gbogbo ìgbà tí a bá bọ́ sí kòtò. "Ọmọ mi, kí lo gbé dání yìí ná?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Háà, ẹ kú ẹsẹ̀ o. Ọlọ́run á jẹ́ ó ṣiṣẹ́."

Ní oríta Ìkòtún, ṣe ni gbogbo ayé ń kọjá. Mo wá alábàárù kan, òun ló bá mi gbé e dé ìsọ̀ bàbá mẹkáníìkì.

Bàbá Ìlàjẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni. Ayétòrò ni wọ́n bí i sí, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó létí òkun Ìlàjẹ ní ọdún 1947. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ibẹ̀ ló sì ti ní ìsọ̀ tirẹ̀ kí òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìlú náà. Òkun jẹ ilé àwọn aládùúgbò rẹ̀, ó jẹ ìsọ̀ rẹ̀, kò sì tíì ṣíwọ́. Ìgbà yẹn ló kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá sí Èkó. Òkú jẹnẹrétọ̀ kún iwájú ìsọ̀ rẹ̀ báyìí, àwọn mìíràn ò ní olówó mọ́, nítorí láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí pẹtirólù ti kúrò ní May 2023, ọ̀pọ̀ ò lè ra epo sí wọn mọ́.

Ó wo ẹ́ńjìnnì náà, ó fi ọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń pa orí ọmọ. Ó ní, "Yamaha. Ó pẹ́ tí mo ti rí irú èyí gbẹ̀yìn." Kò dá a mọ́lẹ̀. Kò fa okùn rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ pọn omi kún dírọ́ọ̀mù kan. "A kì í ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi jí lórí ilẹ̀ gbígbẹ," ó ní. "Omi ló ń tù ú lára. Rọ́bà kan wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń fa omi sókè. Bí kò bá rí omi fà, rọ́bà yẹn á jóná kí o tó ka ọgọ́rùn-ún."

Ó ṣí ìdérí. Ó wo inú fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó pè mí sún mọ́ ọn, ó fi ìmú irin kékeré kan tọ́ka sí ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíláwílì.

"Ta ló gé èyí?"

Wáyà funfun kan ni. Wọ́n ti gé e pẹ̀lú ọ̀bẹ, wọ́n sì fi téèpù dúdú di ojú ibi tí wọ́n gé. Téèpù náà ti gbẹ, ó ti ń ṣí fúnra rẹ̀. Mo mọ bí bàbá mi ṣe máa ń di nǹkan. Ó máa ń yí téèpù lẹ́ẹ̀mẹta, á wá fi àtàǹpàkò tẹ ìparí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìtẹ̀ àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

"Bàbá mi ni," mo ní.

Bàbá Ìlàjẹ mi orí. Kò bú u. Ó ní, "Ìdí wà tó fi gé e. Ẹ jẹ́ ká wá ìdí náà."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, nítorí pé ohun tí mo rò tẹ́lẹ̀ kọ́ ni. Súwíìṣì ilé wa, ìgbà tí wáyà méjì bá fẹnu kanra ni iná ń tàn. Ti ẹ́ńjìnnì yìí, ìgbà tí wáyà méjì bá fẹnu kanra ni ẹ̀mí ń bọ́. Mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lára fíláwílì ń yí kọjá lórí àwọn kọ́ìlì, ìyípo yẹn ló ń mú iná wá, kò nílò bátìrì kankan. Iná náà ń wá ibi tó máa gbà. Tí wáyà funfun bá dá wà, iná á lọ sí pọ́lọ́ọ̀gì, á ta, epo á jó. Tí o bá tẹ bọ́tìnnì ìpa, wáyà funfun á kan wáyà dúdú, èyí tó lọ sí ara irin ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń pè ní áàtì. Iná á gba ibẹ̀ sá lọ. Pọ́lọ́ọ̀gì kò ní rí nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì á kú.

Nǹkan pupa kékeré kan tó dà bí fọ́ọ̀kì tún wà, tí okùn oníkókó so mọ́. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ á so okùn náà mọ́ ọwọ́ tàbí mọ́ aṣọ ààbò tó wọ̀, á fi fọ́ọ̀kì náà há abẹ́ bọ́tìnnì. Bí ó bá ṣubú sínú omi, okùn á fa fọ́ọ̀kì náà yọ, wáyà méjèèjì á kanra, ẹ́ńjìnnì á kú lójú ẹsẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

"Bàbá rẹ gé wáyà funfun," Bàbá Ìlàjẹ ní. "Ìyẹn ni pé kò sí bí wọ́n ṣe lè tẹ bọ́tìnnì yẹn kí ẹ́ńjìnnì ó kú mọ́. Kí ló fi ń pa á?"

Mo rántí. Ṣóòkì ni. Á fa ṣóòkì jáde, epo á bò ó mọ́lẹ̀, á wá kú pẹ̀lú ìkọ́ àti èéfín. Nígbà mìíràn á yọ okùn epo lára rẹ̀, á máa dúró kí ìwọ̀nba tó kù nínú kábúrétọ̀ tán.

Ó mú téṣítà rẹ̀. Ó fi ẹnu kan sí wáyà tó wá láti bọ́tìnnì, ó fi èkejì sí dúdú. Fọ́ọ̀kì wà ní ipò rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tẹ nǹkan kan. Kò yẹ kí téṣítà dún. Ó dún. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó ń dún. Ó tú u sílẹ̀, ó ṣì ń dún. "Ìdí rẹ̀ nìyí," ó ní. Iyọ̀ ọ̀sà ti wọ inú súwíìṣì náà láti ọdún pípẹ́ wá, ó ti hu nǹkan funfun sáàárín irin méjèèjì, ó sì ti so wọ́n pọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ní ìdájí ọjọ́ kan, bàbá mi wà lórí omi, ó fa okùn, ó fa okùn, ẹ́ńjìnnì kò jí. Ẹnìkan sọ fún un, tàbí òun fúnra rẹ̀ ló rò ó, pé kí ó gé wáyà funfun. Ó gé e. Ẹ́ńjìnnì jí. Ó padà sílé lọ́jọ́ náà láyọ̀, kò sì tún un so mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bí ẹ bá rin etí omi wa dáadáa, ẹ ó rí wáyà funfun tí wọ́n gé báyìí lára ẹ́ńjìnnì tó pọ̀. Ìgbà mìíràn kì í ṣe wáyà ni wọ́n gé, wọ́n á fi okùn rọ́bà di fọ́ọ̀kì pupa náà mọ́ ibi tó wà títí láé kó má baà yọ. Mo lóye rẹ̀. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ ń dúró de ẹja kò lè jẹ́ kí súwíìṣì kékeré kan dá òun dúró sójú omi. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó tún un so mọ́ tó bá délé.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá ṣubú láti inú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń sáré burú ju rírì lọ. Ọwọ́ tó di ìdarí ti kúrò. Agbára àjẹ̀ irin tó ń yí nísàlẹ̀ á ti ẹ́ńjìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yípo. Ṣe ni yóò máa yípo lójú kan náà, á tún padà wá sórí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, á tún padà wá, àjẹ̀ irin náà á máa yí bí abẹ. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2021, òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 26 so okùn fọ́ọ̀kì pupa yìí mọ́ra tí ọkọ̀ bá ti ń sáré, bí ẹ́ńjìnnì náà bá ní in. Wọn kò fi òfin náà lélẹ̀ nítorí ọ̀ṣọ́. Èèyàn ti kú.

Bàbá Ìlàjẹ wá súwíìṣì kan jáde láti inú agolo mílíìkì ńlá kan. Ara ẹ́ńjìnnì kan tó ti kú ní Ayétòrò ló ti yọ ọ́, ó sì gbé e wá sí Ìkòtún. Ó fi téṣítà wò ó: kò dún, ó tẹ ẹ́, ó dún, ó tú u sílẹ̀, ó dákẹ́, ó yọ fọ́ọ̀kì, ó dún. "Alààyè nìyí." Ó fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà funfun méjèèjì pọ̀, kò lọ́ wọn lásán, ó ní iyọ̀ á wọ ibi tí a bá lọ́ lásán. Ó há dúdú mọ́ ibi tó ti fi sáńpépà ha ìpẹtà kúrò, ó ní áàtì tó bá ní ìpẹtà lábẹ́ kò yàtọ̀ sí áàtì tí kò sí.

Ọ̀ràn síló ló wá gbà wá lákòókò jù.

Ó tú kábúrétọ̀ sílẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ àwo irin kan. Ohun tó jáde kì í ṣe pẹtirólù mọ́. Ó pupa bí oyin, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bí pẹtirólù bá jókòó pẹ́, ohun tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á fẹ́ lọ, ohun tó wúwo á kù sílẹ̀, á di gọ́ọ̀mù. Ihò méjì ni epo ń gbà nínú kábúrétọ̀ náà, ó fi hàn mí. Ọ̀kan tóbi, òun ni ẹ́ńjìnnì fi ń sáré. Èkejì kò tóbi ju irun orí lọ, òun ni ẹ́ńjìnnì fi ń mí nígbà tó bá ń rọra. Gọ́ọ̀mù ti dí ti kékeré pátápátá. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì bàbá mi fi ń sáré dáadáa, ṣùgbọ́n tí a bá dẹ ọwọ́, á kú.

Ó mú un sókè sí oòrùn kí n wò ó. Mi ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan nínú rẹ̀.

Ọmọṣẹ́ rẹ̀ nawọ́ mú abẹ́rẹ́. Bàbá Ìlàjẹ gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Dúró! Abẹ́rẹ́ á sọ ihò yẹn di ńlá, kò tún ní padà sí bó ṣe wà mọ́ láé." Ó rẹ ẹ́ sínú pẹtirólù tuntun fún bí wákàtí kan, a jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì, ó fa irun kan yọ lára búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ, ó fi í tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà ó gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tó wà nítòsí, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Nígbà tó tún gbé e sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ yọ nínú rẹ̀, kékeré, funfun, bí ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì tó lè gbé èèyàn mẹ́rin kọjá ọ̀sà wà lọ́wọ́ ihò tó kéré tó yẹn.

Ó tún rí nǹkan mìíràn. Ìdè tí a fi ń gbé síló sókè ni ẹnìkan ti rọ wọlé dé ìdí. Bí ihò kékeré ṣe dí ni ẹni náà ṣe rò pé kí òun gbé ìsáré sókè kó má baà kú. Ìyẹn kò wo àìsàn náà sàn, ṣe ló tún dá èkejì sílẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ń sáré jù ní síló á gbá jíà "gbàà!" nígbà tí a bá fi sí i, eyín jíà á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ó tú ìdè náà padà sẹ́yìn pátápátá kí ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdè kejì, èyí tó ń pín epo àti afẹ́fẹ́, ó rọra yí i wọlé títí ó fi kan ìdí jẹ́jẹ́, kò fún un, ó wá tú u sẹ́yìn ní ìyípo kan àti ààbọ̀. "Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ibi tí a ó parí sí, omi ló máa sọ ọ́ fún ọ."

Ó yọ pọ́lọ́ọ̀gì méjèèjì. Ọ̀kan dúdú, ó lọ́ràá, èkejì gbẹ. Ẹ́ńjìnnì yìí ní sílíńdà méjì; bí ọ̀kan kò bá jó, ó lè fi èkejì sáré, ṣùgbọ́n kò lè fi í rọra. Ó ti B7HS-10 tuntun méjì bọ̀ ọ́, ó fi irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo wọn sí mìlímítà kan. A po epo: lítà kan òróró sí lítà 50 pẹtirólù. Ó ní àwọn tó ń fi ojú wọ̀n ọ́n ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ jù.

A gbé e sínú dírọ́ọ̀mù. Mo fa okùn. Ìgbà kẹrin ni ó jí.

Mi ò ní gbàgbé ohùn yẹn. Èéfín búlúù bo ìsọ̀ náà, àwọn ọmọdé sá wá wò, omi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí okùn fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó fi hàn pé rọ́bà inú ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń fa omi. Bàbá Ìlàjẹ dẹ ọwọ́ rẹ̀. Ó rọra. Ó ń lù túku-túku-túku, kò kú. Ó wá sọ fún mi pé, "Tẹ ẹ́." Mo tẹ bọ́tìnnì pupa. Ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ó ní iṣẹ́ kù o. Dírọ́ọ̀mù kọ́ ni ọ̀sà. Ẹ́ńjìnnì tó rọra nínú dírọ́ọ̀mù, tí jíà kò sí lára rẹ̀, lè kú nígbà tí jíà bá wọlé tí omi gidi sì ń ta kò ó. Mo gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ fúnra mi lójú omi. Ó fún mi ní sukudíráfà kékeré kan, ó ní kí n dá a padà fún òun tí mo bá ń bọ̀. "Èèyàn tó mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré pọ̀," ó ní bí ó ṣe ń nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹni tó mọ bó ṣe ń dúró ni ò pọ̀."

Ìrìn láti Ìkòtún lọ sí Ìgàńdò kò gùn, ṣùgbọ́n ó gba wákàtí kan. Mo kọjá Ilé Ìwòsàn Gbogboogbò Alímọ̀ṣọ́, mo kọjá òkè pàǹtírí Solous tí ẹyẹ ń yípo lórí rẹ̀, mo kọjá ẹnu ọ̀nà LASU, mo sọ̀ ní Ìyànà-Ìbà. Mo tún wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Ọ̀jọ́. Bí mo ṣe ń lọ ni ìtàn kan ń sọ sí mi lọ́kàn. Ilẹ̀ Àwórì ni gbogbo ibi tí mo gbà, láti Alímọ̀ṣọ́ títí dé Ọ̀jọ́. Ìtàn wọn ni pé Ọlọ́fin àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi àwo kan sójú omi, wọ́n ń tẹ̀lé e lórí odò Ògùn, ibi tí ó bá ti rì ni kí wọ́n tẹ̀ dó. Àwo náà rì ní Ìṣẹrì. Àwọn èèyàn wí pé àwo rì, ìyẹn ló di orúkọ wọn. Mo ti gbọ́ ìtàn náà láti kékeré. Lọ́jọ́ yẹn nìkan ni mo tó rò ó pé orí ohun tó mọ ìgbà tó yẹ kó dúró lójú omi ni orúkọ àwọn onílẹ̀ wa dúró lé.

Àbúrò mi ń dúró dè mí létí omi Ọ̀jọ́. Ó rí ẹ́ńjìnnì náà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbá a mọ́ra bí ẹni rí bàbá. A gbé e kọ́ ìdí ọkọ̀, a rọ àwọn ìdè rẹ̀ dáadáa, a tún fi okùn so ó mọ́ ọkọ̀ kó má baà já bọ́. Koríko ojú omi tí òdòdó rẹ̀ dà bí àlùkò kún etí ọ̀sà. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lójú omi Àgbádárìgì, láti orílẹ̀-èdè Benin ló ti wá, kò tíì lọ. Òun ló jẹ́ kí síló ṣe pàtàkì lágbègbè yìí. Ẹni tí kò lè rọra kò lè gba àárín koríko yẹn kọjá, á lọ́ mọ́ àjẹ̀ irin.

Ẹ́ńjìnnì jí ní ìfà kejì. A jẹ́ kí ó gbóná fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo dẹ ọwọ́, mo fi jíà sí iwájú. Ó kú. Bí Bàbá Ìlàjẹ ṣe sọ gan-an ni. Mo tún un jí, mo fi sukudíráfà yí ìdè kékeré náà ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo yí i padà, mo tún gbọ́. Àbúrò mi di ìdarí mú, ó ń tẹ́tí. A wá rí ibì kan tí ohùn rẹ̀ dan, tí kò kọ́. Ìgbà náà ni mo wá rọ ìdè síló wọlé díẹ̀, díẹ̀ péré. Jíà wọlé jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bí ẹni ń rìn lójú àlá, ó gba àárín koríko, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá kan tó kó èèyàn, kò kú, kò sì sáré. Ohun tí bàbá mi kò lè ṣe pẹ̀lú rẹ̀ fún ọdún pípẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà mo ní kí àbúrò mi so okùn fọ́ọ̀kì pupa mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ fi kọ́ ara ẹ́ńjìnnì, ó ní á máa dí òun lọ́wọ́ tí òun bá ń fa àwọ̀n. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Mo sọ bí ọkọ̀ tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ ṣe ń yípo. Ó dákẹ́. Ó so ó mọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀, ó dì í ní kókó méjì. Ní àárín ọ̀sà, pẹ̀lú aṣọ ààbò lọ́rùn wa àwa méjèèjì, mo ní kó gbé ìyára sókè díẹ̀, kó sì ju ọwọ́ náà sẹ́yìn bí ẹni ń ṣubú. Fọ́ọ̀kì pupa fò yọ. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. A gbọ́ omi tó ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, a gbọ́ ẹyẹ, a gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tó ń fọ ẹja ní òdìkejì. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ́ńjìnnì lójú omi, ẹ̀yin awakọ̀, apẹja, ẹ̀yin ọmọ tí bàbá yín fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún, mo bẹ̀ yín: ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ lónìí, ẹ wá wáyà funfun náà. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti gé e, ẹ má gbé ẹ́ńjìnnì náà padà sínú omi títí ẹ ó fi so ó padà, tí ẹ ó sì fa okùn fọ́ọ̀kì pupa náà wò.